Ọ̀dà Wúrà Lára Sìlíńdà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹ má bínú sí mi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà àjọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté òkè, níbi tí odò ti fẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró ní bèbè kan kò lè dá ojú ẹni tó wà ní bèbè kejì mọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo ni àjọ náà ní. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá láàárọ̀, òun ló ń gbé òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò, òun náà ló ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódì kejì. Iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà kò ju pé kí ọkọ̀ náà máa lọ, kó sì máa bọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, bí òun kò bá sí níbẹ̀, odò gan-an kò ní mọ ibi tó yẹ kó ṣàn gbà.

Wọ́n gbé pátákó kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Oyè tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà fi ní láti kan pákó mìíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀. Àga rẹ̀ ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, kì í ṣe pé wọ́n fi kún ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ àga àwọn àlejò ni wọ́n gé. Bí ó bá sín, akọ̀wé rẹ̀ á fò dìde, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, sà!" Bí ó bá yán, akọ̀wé á na ọwọ́ sí gbogbo ilé pé kí wọ́n dákẹ́, Ọ̀gá ń ronú.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ohun tí kò lè fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀: wọ́n ra ìgbálẹ̀ tuntun, ó sọ̀rọ̀, wọ́n pààrọ̀ gílóòbù tó jó, ó sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan láàárín èrò bá wúkọ́, tàbí tó bá wo aago, á na ìka kan sókè, á ní, "Ẹ jẹ́ n parí." Kò sì ní parí. Bí àwọn èrò ọkọ̀ ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-N-Parí nìyẹn. Gbogbo èbúté ló mọ orúkọ náà, àfi ẹni tó ni ín.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ-Jẹ́-N-Parí dúró síwájú ọkọ̀, ó di irin mú, ó gbé àyà síta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ère rẹ̀. Ọkọ̀ èbúté ìsàlẹ̀ bá yọ lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ kékeré ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí kiri, àwọn taya àlòkù ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ń lọ. Ọ̀gá èbúté ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró nínú rẹ̀, obìnrin kan tó fi aṣọ wé orí, tó mú ife tíì lọ́wọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ o!" obìnrin náà kígbe. "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín tí ẹ fi ń rọra bọ̀ báyìí?"

Ẹ gbọ́ mi o, obìnrin yìí kò ní in lọ́kàn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò lóòótọ́ pé nǹkan ti bà jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ inú Ọ̀gá Àgbà lọ, ó jókòó síbẹ̀, kò jáde mọ́.

Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ó ti pe Ẹnjiníà. Ẹnjiníà yìí ló ń mójú tó ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó kàwé dáadáa, ó sanra díẹ̀, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Àgbà sì ni. Nílé, "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é. Níbi iṣẹ́, "sà" ni.

"Ẹnjiníà," Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀, "orúkọ àjọ yìí kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn taya àlòkù. Akọ̀wé ti ṣèwádìí. Ó ní nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní tọ́bò, pé bí a bá gbé e lé ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa fò."

"Kò ní fò, sà, ṣùgbọ́n á sáré," Ẹnjiníà dáhùn. "Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló máa ń yí tọ́bò. Òun náà á wá máa fi ipá ti atẹ́gùn wọ inú sìlíńdà. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ níbẹ̀, epo tó ń jó á pọ̀, agbára á pọ̀."

"Ó tán nìyẹn!"

"Kò tíì tán, sà. Inú sìlíńdà yẹn ni iná ti ń jó, ibẹ̀ ni písítìnì, irin tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ti ń lọ sókè sódò. Ẹ́ńjìnnì wa ti pẹ́. A ti ha inú àwọn sìlíńdà rẹ̀ rí kó lè dán, a tún ti ha á lẹ́ẹ̀kejì. Ògiri wọn ti fẹ́lẹ́. Bí a bá rọ́ agbára tuntun lù wọ́n báyìí, wọ́n lè là. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi irin tó le wọ̀ wọ́n nínú, lọ́kọ̀ọ̀kan, ká tó gbé tọ́bò lé e."

"Ká wọ nǹkan fún sìlíńdà?" Ọ̀gá Àgbà yí ojú sí akọ̀wé. "Ṣé òtútù ń mú un ni?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ jókòó, ó gbàgbé pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àga, ó sì lọ bá ilẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ṣì ń sọ pé, "Òtútù! Áà, Ọ̀gá mi! Òtútù!"

"Báwo ni yóò ti pẹ́ tó?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Ọkọ̀ á wà lórí ilẹ̀ títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, sà. Kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ọ̀gá Àgbà ti pe mínísítà ìrìnnà pé kó wá ṣí tọ́bò, kí wọ́n tó ra tọ́bò. Ó ti mú ọjọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ọjọ́ náà yóò pé kí òjò tó ronú àtirọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí àwọn aláṣẹ ṣe ń ṣe mọ ohun tó kàn. Ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ìgbìmọ̀ Alábẹ̀wò Pàtàkì Lórí Ìlera Sìlíńdà. Akọ̀wé ni alága. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi áńkáṣíìfù bo imú nítorí òórùn epo. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo inú ohunkóhun. Alága fi bírò kan gbá ara ẹ́ńjìnnì, ó dún kọ́n. "Ó le," ló wí. Àwọn yòókù náà gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dún kọ́n fún gbogbo wọn. Wọ́n padà sókè, wọ́n jábọ̀ pé sìlíńdà kò ṣàròyé kankan.

"Síbẹ̀," Ọ̀gá Àgbà wí, ó dìde dúró, èyí tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo ilé fara balẹ̀, "kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí a fún sìlíńdà lókun. Mo gbà. Èmi, tí mo jẹ́ baba fún odò yìí ní bèbè méjèèjì, mo pàṣẹ pé kí a fún un lókun! Ẹ lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ wúrà, èyí tó nípọn jù lọ. Ẹ kùn ún yí ká."

Ariwo ìyìn sọ nínú yàrá. Ẹnìkan tilẹ̀ nu ojú.

"Ọ̀dà, sà?" Ẹnjiníà ní. "Ìta lẹ máa kùn. Inú ni nǹkan ti ń jó."

"Bí ìta bá le, ojú á ti inú, òun náà á le."

"Sà, irin kò ní ojú tó lè tì."

Ọ̀gá Àgbà wo àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé ipò Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ṣófo. Yàrá tó wà pẹ̀lú ipò náà ní fèrèsé tó kọjú sódò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Ẹni tí a bá gbé síbẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ní ìrètí."

Òǹkàwé mi, ó wù mí kí n sọ fún yín pé Ẹnjiníà dìde, ó kọ̀, ó jáde. Kò jáde. Yàrá tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò epo, kò sì ní fèrèsé. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè. Ó ní, "Èyí tó nípọn jù lọ ni wọ́n máa rà, àbí?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Àgbà jókòó nílé, ó ń fi búrẹ́dì bọ inú tíì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn òdì kejì, ọkọ̀ yẹn náà ló ń wọ̀ lọ, òun ló ń wọ̀ bọ̀.

"Baálé mi," ó ní, "àbúrò mi yà síbí kí ẹ tó dé. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́."

"Bóyá ó ti yó."

"Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Bí kò bá lè jẹun, irọ́ ló há a lọ́fun. Ó sọ fún mi. Ọ̀dà wúrà."

"Kò yé yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni."

"Ọ̀rọ̀ èèyàn ló yé mi. Bí ẹnìkan bá wá bá mi, tí iṣan ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, tí mo fún un ní oògùn tó máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, tí mo wá fi páúdà kun ojú rẹ̀ kó lè dán, kí lẹ máa pè mí?"

Ọ̀gá Àgbà na ìka sókè. "Ẹ jẹ́ n parí."

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ o."

Ọ̀gá Àgbà mu tíì tó kù, ó ní òun fẹ́ lọ tún ọ̀rọ̀ òun kọ. Ìyàwó rẹ̀ kó ife kúrò. "Mo máa wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Bó bá dúró, ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè ní kí ẹ dákẹ́."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti gbé tọ́bò lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi rìbọ́nù yí ọkọ̀ ká. Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ gbayawu kí èrò lè máa wo ọ̀dà wúrà bó ṣe ń tàn. Mínísítà dé, ó jókòó sórí àga tìmùtìmù. Ọ̀gá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mínísítà sì ti sùn lọ kí Ọ̀gá Àgbà tó sọ dé ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọkọ̀ gbéra. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́: ó dùn ún wò! Tọ́bò ń súfèé, omi ń là sọ́tùn-ún sósì, fìlà ń fò lórí èrò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ọkọ̀ èbúté ìsàlẹ̀ níwájú. Wọ́n bá a. Wọ́n kọjá rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin, ó ké sí obìnrin tó wà níbẹ̀, "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín tí ẹ fi ń rọra?"

Ká ní ó mọ̀ ọ́n dúró níbẹ̀. Ó yíjú sí atukọ̀. "Fi kún un!"

Atukọ̀ wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà wo odò.

"Mo ní fi kún un! Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ lásán, ohùn ìlọsíwájú ni, tí èmi fúnra mi…"

Gbàù!

Ọkọ̀ gbọ̀n. Èéfín funfun, tó jẹ́ ooru omi gbígbóná, tú jáde lójú ihò èéfín. Súfèé dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Ọ̀gá Àgbà ṣì ń dá lọ sórí omi: "…èmi fúnra mi gbìn, tí mo sì bomi rin!"

Mínísítà jí. Ó ṣe bí ẹni pé wọ́n ti débẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá," akọ̀wé ní, "ẹ ti dá ọkọ̀ dúró lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò dá a dúró rí."

Odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá níwájú èbúté tiwọn, níbi tí àwọn tó wá wòran ti ń juwọ́ sí wọn, wọn kò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀fúùfù díẹ̀ tì wọ́n, wọ́n sì lọ wọ inú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí. Eṣinṣin wá kí wọn káàbọ̀.

"Ẹ má fòyà!" Ọ̀gá Àgbà kígbe. "Odò ló ṣe àìgbọràn! Láti ìgbà tí mo ti…"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. "Baálé mi. Àwọn ọmọdé wà níbí tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó.

Ẹnjiníà gòkè wá láti yàrá ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀dà wúrà gbígbóná ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó dúró síwájú mínísítà àti gbogbo èrò. "Ògiri sìlíńdà ló là," ó ní. "Omi tó ń mú un tutù ti ya wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa là. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi yàrá onífèrèsé lọ̀ mí, mi ò sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ariwo ọkọ̀ kan ni wọ́n gbọ́, èyí tó ń bọ̀ wá fà wọ́n. Taya àlòkù wà lára rẹ̀. Ọ̀gá èbúté ìsàlẹ̀ ju okùn sí wọn, ó so ó le. Ọ̀gá Àgbà dìde, ó tún kóòtù ṣe.

"Ìyá wa," ó bẹ̀rẹ̀, "ní orúkọ àjọ mi…"

"Ẹ dákun," obìnrin náà ní, "epo mi kò tó èyí tí mo fi máa dúró gbọ́ ọ. Ẹ jókòó ká máa lọ."

Mínísítà ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Àgbà lẹ́yìn náà. Yàrá mínísítà tóbi, àga tó wà níbẹ̀ sì bára mu. "Ìbéèrè kan ni mo ní," mínísítà wí. "Wọ́n sọ fún yín pé kí ẹ fún sìlíńdà lókun. Kí lẹ ṣe?"

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìran, ó sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, ó dé ibi ìbí rẹ̀, ó rékọjá. Mínísítà kò sùn lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé ọ̀dà ni ẹ kùn ún?"

"Èyí tó nípọn ni, sà."

Gbólóhùn yẹn ni ó kúrú jù lọ nínú gbogbo ohun tó ti sọ lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Wọ́n fi èbúté méjèèjì sábẹ́ obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn. Ó sín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, akọ̀wé fò dìde pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, mà!" Obìnrin náà wò ó. "Òtútù ló mú mi," ó ní. "Lọ bá mi ti fèrèsé yẹn."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ pátákó àti àga ló dun Ẹ-Jẹ́-N-Parí jù. Ó fara da ìyẹn. Ó jókòó sílé, ó ń ṣàlàyé fún ògiri bí odò ṣe ṣe àìgbọràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá wà lórí ilẹ̀, èrò èbúté méjì sì ń du ọkọ̀ kékeré kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí èbúté ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ wọlé, gbogbo aṣọ ara rẹ̀ tutù, kò sì wọ kóòtù nọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Níbo ni kóòtù yín wà?"

"Ara ọmọ tuntun ló wà." Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. "Ìyá rẹ̀ dé èbúté wa pẹ̀lú ìrora, kò bá ọkọ̀. Wọ́n gbé e dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ fi máa gbé wa dé àárín odò, ọmọ ti ń bọ̀. Àárín àpò ẹrù ni mo ti gbẹ̀bí rẹ̀. Obìnrin ni."

"Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Àlàáfíà ni. Ó kù díẹ̀ kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Kò bá a jà. Ká ní ó bá a jà, ọkùnrin yìí ì bá mọ èsì fọ̀. Ó kàn ń fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo omi tó ń kán sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbé omi gbígbóná wá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Òun nìkan ló lọ. Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá náà ló ti bá Ẹnjiníà, wọ́n ti yọ orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti ha ọ̀dà wúrà kúrò, ó wà nílẹ̀ bí èèpo. Wọn kò fún Ẹnjiníà ní yàrá onífèrèsé. Irin tuntun ni wọ́n kó fún un, pé kó fi wọ sìlíńdà wọ̀nyẹn bó ṣe sọ nígbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," Ẹnjiníà ní. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ó sì ti múra láti gbọ́ ọ.

"Fi ibi tó là hàn mí."

Ẹnjiníà tan tọ́ọ̀ṣì sínú sìlíńdà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka tọ ògiri irin náà lọ títí ó fi kan ibi tó ya. Etí ibẹ̀ mú bí abẹ.

"Ó mà fẹ́lẹ́ o," ó ní.

"Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi. Èmi ni mo ní kí o dákẹ́."

"Èmi náà ni mo dákẹ́."

Òwúrọ̀ ni, ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ń wọlé láti ojú ọ̀nà. Ẹnjiníà gbé irin tuntun kan, ó gbé e síbi tó yẹ kó wọ̀, ó wá ọ̀nà láti di tọ́ọ̀ṣì mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò tó.

"Gbé e wá," ọkùnrin náà ní.

Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú epo pẹ̀lú ṣòkòtò dáadáa tó wọ̀.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Sí ọ̀tún. Ẹ má jẹ́ kó mì."

Kò jẹ́ kó mì.